Abẹ́rẹ́ Iná Nínú Párì

Ní South Korea, sagak-teok ni wọ́n ń pe párì tó fẹ̀ tó sì yọ igun lábẹ́ etí, ìyẹn párì onígun mẹ́rin. Wọn kì í fi orúkọ náà yin ènìyàn. Ojú tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń wá ni èyí tó fẹ̀ lókè, tó wá ń tín-ín-rín bọ̀ títí dé àgbọ̀n bíi lẹ́tà V. Ní Gangnam, àdúgbò àwọn olówó ní ìlú Seoul, ilé ìwòsàn ìṣaralóge tò lọ bẹẹrẹ lójú títì. Ẹni tí párì rẹ̀ fẹ̀ tó bá wọlé síbẹ̀ lè bá ọ̀nà mẹ́rin pàdé: kí wọ́n gé egungun, kí wọ́n gé iṣan, kí wọ́n fún iṣan ní oògùn tí yóò mú un dẹ̀, tàbí kí wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ inú iṣan náà kí wọ́n sì fi iná ìgbì rédíò sun ún láti inú. Ọ̀nà kẹrin yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ni ìpolówó rẹ̀ máa ń dùn létí jù: kò sí ọ̀bẹ, kò sí àpá, ọjọ́ kan náà lẹ ó padà sílé. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ohun tí wọn kì í sọ ló pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sun. Ẹ fi ìka méjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, nísàlẹ̀ etí níbi tí egungun párì ti yí sí iwájú, kí ẹ sì di eyín pọ̀ gírígírí. Ohun tó yọ, tó sì le lábẹ́ ìka yín ni iṣan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní màsẹ́tà. Ara egungun tó yọ lẹ́bàá ojú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ igun egungun párì nísàlẹ̀. Iṣan pàtàkì mẹ́rin ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan ojú fún iṣẹ́ jíjẹ. Màsẹ́tà ni a lè fọwọ́ kàn jù nínú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú agbára tí a fi ń họ ẹran lára egungun tàbí tí a fi ń jẹ àgbàdo sísun tó ti gbó ti ń wá. Bó ṣe rí fún iṣan apá àti ti ẹsẹ̀, iṣẹ́ ló ń mú òun náà tóbi.

Ní 1880, Wickham Legg, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń wá ohun tó ń fà á. Wọ́n ti tọ́ka sí jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́, àti sí fífi apá kan ẹnu nìkan jẹun nítorí eyín tó ń roni lápá kejì. Wọ́n ti tọ́ka sí àjogúnbá, nítorí ó máa ń hàn nínú ìdílé. Nígbà mìíràn, wọn kì í rí ìdí kankan rárá. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìpayínkeke lójú oorun ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ń ṣe é kì í sábà mọ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ló ń gbọ́ ọ. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí ni ẹ̀fọ́rí lẹ́bàá ojú lówùúrọ̀, párì tó wúwo bí ó bá jí, àti eyín tí orí rẹ̀ ti jẹ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣan ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní òru nígbà tó yẹ kó sinmi. Bí a bá sun ún láìwo ohun tó ń lé e, a ti dín iṣan kù ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní 1947, Gurney, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, ròyìn bí ó ṣe gé púpọ̀ nínú màsẹ́tà kúrò. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dà, ojú máa ń wú, ẹnu kì í sì í tètè yà dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe yá, gígé igun egungun párì fúnra rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá ní Ìlà Oòrùn Éṣíà. Ó gbilẹ̀ débi pé ní 2014, ilé ìwòsàn kan ní Gangnam kó egungun tí wọ́n ti gé lára àwọn oníbàárà sínú ìgò gíga, wọ́n sì gbé e síbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ló dá sí i.

Ọ̀rọ̀ egungun yìí ti pa ènìyàn. Ní 2016, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 24 lọ gé párì ní Seoul. Dókítà tí ó fọkàn tán kò dúró tì í títí iṣẹ́ fi parí, ẹlòmíràn ló bá a ṣe é lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ kọjá ohun tí ara lè gbà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ gba fídíò kámẹ́rà yàrá iṣẹ́ abẹ náà, ó wò ó léraléra, kò sì sinmi títí àwọn aṣòfin South Korea fi ṣòfin ní 2021 pé kí kámẹ́rà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń fi oògùn kun ènìyàn lóorun. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ìyá yẹn ṣe ohun tí àwọn tó yẹ kó ṣe é kò ṣe. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní bi mí léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀nà tí kò ní ọ̀bẹ nínú.

Botox ló kọ́kọ́ dé. Májèlé tí bakitéríà kan ń ṣe ni, wọ́n sì ń lo ìwọ̀n tó kéré gan-an. Ó máa ń dí ẹnu nẹ́ẹ̀fù, okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún iṣan, kí àṣẹ má baà kọjá. Iṣan tí kò rí àṣẹ gbà kò ní ṣiṣẹ́, èyí tí kò bá sì ṣiṣẹ́ á joro. Láti 1994 ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ̀wé nípa lílò rẹ̀ fún màsẹ́tà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ojú á bẹ̀rẹ̀ sí tín-ín-rín, á hàn jù ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nẹ́ẹ̀fù á sì jí padà díẹ̀díẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá ti ń lọ, ọ̀pọ̀ ló ń padà lọ gba abẹ́rẹ́ mìíràn. Owó ni, ọdọọdún sì ni. Àárín àìfẹ́ ọ̀bẹ àti àìfẹ́ gbígba abẹ́rẹ́ léraléra yìí ni iná ìgbì rédíò rí àyè wọ̀. Ní 2007, àwọn dókítà ará Korea kọ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ ìṣaralóge.

Iná ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Ní 1891, onímọ̀ ará Faransé Arsène d'Arsonval fi hàn pé bí iná mànàmáná bá ń yí padà kíákíá tó, ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè gba inú ara ènìyàn kọjá láìjẹ́ kí iṣan fò tàbí kí ó sún kì. Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbáni mú tó sì ń gbọnni. Èyí tí wọ́n ń lò fún sísun ẹran ara sábà máa ń wà láàárín ìgbà 300,000 sí 500,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò AM ti ń ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ ìgbì rédíò. Ní 1926, ní ìlú Boston, oníṣẹ́ abẹ Harvey Cushing lo ẹ̀rọ irú iná yìí tí William Bovie ṣe láti gé kókó inú orí láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀. Lónìí, wọ́n ń fi irú iná bẹ́ẹ̀ sun ibi tó ń mú kí ọkàn lù ségesège, wọ́n ń fi sun kókó jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀, wọ́n sì ń fi sun nẹ́ẹ̀fù tó ń dá oró sójú ènìyàn. Ní 1998, àwọn dókítà ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe fi dín ẹran òkè ọ̀fun kù fún àwọn tó ń han-an-run. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n gbé wá sí párì.

Bí ó ṣe ń gbóná ló yẹ kó yé wa dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ ló ń gbóná bí irin tí a tì bọ iná, tó wá ń jó ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó wà nínú iṣan ní iyọ̀ nínú. Nígbà tí iná bá ń yí padà ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn èérún iyọ̀ wọ̀nyí á máa sáré síwá sẹ́yìn tẹ̀ lé e, wọn á máa ha ara wọn, ìhara-ẹni yìí ló sì ń di ooru. Iṣan gan-an ló ń gbóná, abẹ́rẹ́ ń gba ooru lára rẹ̀ ni. Ibi tó súnmọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ ló ń gbóná jù, ooru náà sì ń yára dín kù bí a bá ti ń jìnnà sí i. Nítorí náà, ibi tí abẹ́rẹ́ kan lè sun kéré, wọ́n sì ní láti tì í sí ojú ibi mélòó kan.

Ooru tó tó ìwọ̀n 45 ti Celsius ni iṣan lè fara dà fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá dé 60, kò sí ìpadàbọ̀: èròjà purotéènì inú rẹ̀ á dì, bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná, sẹ́ẹ̀lì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá dé 100, omi inú ẹran á hó, ẹran á gbẹ á sì di èédú, iná kò sì ní lè gba inú èédú kọjá mọ́. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń mú iṣan gbóná díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń wo ìwọ̀n ooru tí ẹnu abẹ́rẹ́ ń fi hàn lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń kánjú á jó ẹnu abẹ́rẹ́ nìkan, kò ní ṣiṣẹ́ tó jinlẹ̀. Àwọn oníṣègùn kan kì í sun iṣan rárá, nẹ́ẹ̀fù tó ń pàṣẹ fún un ni wọ́n ń sun, kí iṣan lè joro fúnra rẹ̀. Nẹ́ẹ̀fù lè hù padà, nítorí náà àbájáde ọ̀nà yìí lè má pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ di eyín pọ̀, wọ́n á sì fi kálámù fa ààlà màsẹ́tà sójú yín. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ìmọ̀lára ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ti inú ẹnu wọlé kí àpá má baà hàn lójú, àwọn mìíràn máa ń gba awọ ẹ̀yìn párì. Wọ́n ti fi nǹkan tí iná kì í gbà kọjá bo ara abẹ́rẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìbora, kí awọ àti inú ẹnu má baà jó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́nu kan, wọ́n á lẹ bébà onírin mọ́ itan tàbí ẹ̀yìn yín kí iná lè rí ọ̀nà jáde. Bébà yẹn kò gbọ́dọ̀ ká sókè lápá kan, nítorí ibi tó bá kù sí lára lè jó.

Àwọn ohun tó wà nítòsí màsẹ́tà ló mú kí iṣẹ́ yìí ṣòro ju bí ìpolówó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ fi ahọ́n tọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wò, ní ọ̀kánkán eyín ńlá kejì lókè lẹ́yìn. Kókó kékeré tí ẹ bá níbẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà itọ́. Níwájú etí ni itọ́ náà ti ń bọ̀, orí màsẹ́tà ló sì gbà kọjá. Bí ooru bá ba ọ̀nà yìí jẹ́, itọ́ á máa kó jọ sábẹ́ awọ. Nẹ́ẹ̀fù tó ń mú ojú ṣẹ́jú tó sì ń mú ètè rẹ́rìn-ín náà gba orí iṣan yìí tan ká. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ń rìn ní etí ìsàlẹ̀ párì, òun ló ń fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá sun ún, ẹ̀rín á wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ó bá jó tán, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń padà. Níwájú iṣan náà ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ti gun etí párì kọjá, ẹ lè fọwọ́ kàn án kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù. Nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ṣe ń dúró sí ìsàlẹ̀ ìlà tó lọ láti ẹsẹ̀ etí dé igun ẹnu, tí wọ́n sì ń ti abẹ́rẹ́ jinlẹ̀ sún mọ́ egungun. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà kò yẹ kí ó di abẹ́rẹ́ yìí mú, bó ti wù kí ilé ìwòsàn rẹ̀ tutù tó.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ojú á kọ́kọ́ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ kì í retí èyí, ó sì máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹnu lè má yà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, jíjẹ á sì máa dunni, nítorí náà ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ọbẹ̀ tó rọ̀ ni oúnjẹ àsìkò yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kó òkú nǹkan kúrò nínú ara á wá máa jẹ apá tó kú náà díẹ̀díẹ̀, àpá líle tín-ín-rín á sì gba ipò rẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí èrè rẹ̀ tó hàn. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ti jó kì í jí mọ́, ibẹ̀ ni iná fi yàtọ̀ sí Botox, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Bí Botox bá mú kí apá kan kéré ju èkejì, oṣù mélòó kan á tún un ṣe. Iná kò ní ọjọ́ ìparí. Àmọ́ iṣan tó ṣẹ́ kù kò kú, bí ìpayínkeke bá sì ń bá a lọ, òun náà lè tóbi sí i.

Àwọ̀ wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níhìn-ín. Kélóìdì, àpá tó ń wú tó sì ń tàn kọjá ibi tí ọgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, ìsàlẹ̀ párì àti etí sì wà lára ibi tó fẹ́ràn láti hù. Ẹni tí etí rẹ̀ ti yọ kélóìdì rí lẹ́yìn lílu tàbí tó ní i lẹ́yìn ọrùn, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba awọ ojú rẹ̀ ti abẹ́rẹ́ iná wọlé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn lára kò gbọ́dọ̀ gbà á láìjẹ́ pé dókítà ọkàn rẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú.

Báwo ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣe lágbára tó? Kò lágbára tó bó ṣe yẹ. Àjọ Cochrane, tó máa ń ṣa ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kéde ní 2013 pé àwọn kò rí ẹyọ ìwádìí kan tí wọ́n fi ìbò pín àwọn olùkópa sí ọ̀nà méjì, kódà lórí Botox fún màsẹ́tà tó ti wà níta fún nǹkan bí ogún ọdún. Láti ìgbà náà, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde lórí Botox. Ti iná ìgbì rédíò, ìròyìn àwọn dókítà nípa àwọn tí wọ́n tọ́jú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, láìsí ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ará Korea ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú. Mo gbà pé iṣan ń dín kù, nítorí ẹ̀rọ awòran ti fi hàn. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò léwu rárá.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ ìgbì rédíò. Ní 2002, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀rọ kan láyè láti máa fi irú iná yìí mú awọ ẹ̀bá ojú tó ti hunjọ gbóná. Láti ìgbà náà ni irú rẹ̀ ti pọ̀ ní ilé ìṣaralóge káàkiri ayé, wọ́n ń fà á lórí awọ láìlo abẹ́rẹ́. Awọ ni èyí ń fún pọ̀. Kò lè dín màsẹ́tà kù, nítorí ooru tí awọ lè gbà láìjó kò tó èyí tí ń pa iṣan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún yín pé òun yóò fi í dín párì yín kù láìfi abẹ́rẹ́ kàn yín, ẹ pa owó yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ará Nàìjíríà gan-an. Kì í ṣe gbogbo párì tó tóbi ni iṣan. Màsẹ́tà tó tóbi máa ń le bí ẹ bá di eyín pọ̀, ó sì máa ń rọ̀ bí ẹ bá tú u sílẹ̀, kì í sì í sábà dunni. Ìwúlé tí kò yí padà bí ẹ di eyín tàbí ẹ tú u, tí ó ń dàgbà lápá kan, tàbí tí ó ń mú eyín mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ó lè jẹ́ ṣégede, ó lè jẹ́ ìkójọ ọyún láti ìdí eyín, ó lè jẹ́ kókó nínú ẹṣẹ́ itọ́. Ó sì lè jẹ́ ameloblastoma, kókó inú egungun párì tí àwọn dókítà eyín wa ń rí lemọ́lemọ́, tí àwọn ènìyàn ń gbé kiri fún ọdún púpọ̀ nítorí pé kì í ro wọ́n. Lára ọmọdé, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí dókítà Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní 1958. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà lára jẹjẹrẹ tí wọ́n ń rí jù lára ọmọdé ní UCH Ìbàdàn. Ó ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n oògùn lè wò ó sàn bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí párì rẹ̀ bá wú, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ màsẹ́tà lóòótọ́, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ń pa eyín keke, ó lè ṣe ìbòrí eyín oníke fún yín láti máa wọ̀ sùn. Owó rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́ iná, ẹ lè bọ́ ọ kúrò nígbàkígbà, ó sì ń dáàbò bo eyín tí iná kò lè dáàbò bò. Lẹ́yìn náà, bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí iná, ẹ bi dókítà tó fẹ́ ṣe é léèrè iye ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é fún, ibi tí yóò ti gba abẹ́rẹ́ wọlé, àti ohun tí yóò ṣe bí ètè bá wọ́. Kí ẹ ní kí ó fi ẹ̀rọ ultrasound wọn bí iṣan náà ṣe nípọn tó ṣáájú, kí ó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí fọ́tò tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri lè tan ènìyàn: bí wọ́n ṣe tan iná sí ojú, bí ẹni náà ṣe gbé àgbọ̀n sókè, àti bóyá ó di eyín pọ̀ tàbí kò dì í, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè yí párì kan náà padà láìsí abẹ́rẹ́ kankan.